Òrùka tí òkun ti sọ di dúdú: ẹ mọ irin tó jẹ́ kí ẹ tó fọ̀ ọ́

Ẹni tó bá ti lọ sí etí òkun Southend tàbí Margate nígbà ooru, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń kó ọmọ wọn lọ ṣeré, kò ní ṣàì ti rí wọn: àwọn tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí iyanrìn, tí wọ́n di ọ̀pá gígùn mú, tí wọ́n fi nǹkan bo etí, tí orí ọ̀pá náà ń lọ sọ́tùn-ún lọ sósì bí ìgbà tí ènìyàn ń gbálẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣàwárí irin ló wà lọ́wọ́ wọn. Bó bá ti dún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wa iyanrìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdérí ìgò ni, tàbí irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń ṣí agolo mínírà. Nígbà mìíràn, kọ́ìnì ni. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òrùka ni, tàbí ẹ̀gbà ọrùn, tàbí yẹtí ẹyọ kan ṣoṣo.

Ìdí tí òrùka fi ń sọnù sí etí òkun kò ṣòro láti mọ̀. Omi òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tutù. Bí ara bá ti tutù, ìka á sún kì, òrùka tó há tẹ́lẹ̀ á wá ṣò. Ìpara tí wọ́n ń fi para nítorí oòrùn á tún mú kó máa yọ̀. Kí onítọ̀hún tó mọ̀, ó ti bọ́. Òrùka wúwo ju iyanrìn lọ, nítorí náà bí ìgbì ṣe ń mi iyanrìn ni òrùka ń rì díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kan ilẹ̀ líle, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí amọ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ìjì ńlá bá gbá iyanrìn òkè lọ ni ẹ̀rọ á tó gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi sùn jù lọ́jọ́ kejì ìjì.

Ohun tí wọ́n bá hú jáde kì í sábà dán. Ó lè dúdú bí èédú, ó lè ní àwọ̀ ewé, ó sì lè jẹ́ ìṣùpọ̀ iyanrìn àti ìpẹtà tí kò jọ ohun ọ̀ṣọ́ rárá. Ibí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ á gba ẹni tó rí i lọ́kàn, á sáré délé, á da fínígà lé e lórí, á mú kànìnkànìn onírin, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ tí òkun kò rí pa fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé ìdáná ni wọ́n ti pa á láàárín wákàtí kan. Orúkọ tí wọ́n fín sínú òrùka á pa rẹ́, òǹtẹ̀ tó ń sọ irú irin tó jẹ́ á lọ, ọ̀nà láti mọ ẹni tó ni ín á sì dí.

Omi lásán ni kọ́kọ́

Iyọ̀ ni olórí ọ̀tá. Bí ohun ọ̀ṣọ́ bá ti kúrò nínú omi tó sì gbẹ, iyọ̀ tó ti wọ inú àwọn ihò tíntìntín ara rẹ̀ kò ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Afẹ́fẹ́ á tún bá a dá sí i. Ìdí nìyí tí ohun tó dára lọ́jọ́ tí wọ́n rí i fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í yún di lẹ́búlẹ́bú lẹ́yìn oṣù méjì nínú dúrọ́ọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ni kí wọ́n fi omi ẹ̀rọ tó mọ́ ṣan iyanrìn kúrò, láì ha á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi nínú abọ́ oníke tàbí gíláàsì, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ kan dára jù. Omi ìkẹyìn yẹ kó jẹ́ omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì ọkọ̀. Kí ẹni tó bá ń rà á lọ́dọ̀ rewáyà rí i dájú pé omi ni wọ́n tà fún òun, kì í ṣe ásíìdì bátìrì; ìgò méjèèjì lè jọra lórí káńtà.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, irú ti ọmọdé, àti igi ìtayín tó to láti fi ṣí ìdọ̀tí inú kọ̀rọ̀. Kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ìpẹtà, iyanrìn àti ìkarahun ti dì mọ́ ọn bíi kankéré, òòlù kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Fàdákà tó ti pẹ́ nínú omi iyọ̀ máa ń gan débi pé ó lè ṣẹ́ bí igi gbígbẹ bí wọ́n bá gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ tọ́.

Ẹ̀ka kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ fọ̀ rárá ju kí wọ́n ṣan án lọ. Bí ohun náà bá jọ iṣẹ́ ọwọ́, tí kò rí róbótó dáadáa, tí kò ní òǹtẹ̀ onínọ́ńbà, tí lẹ́tà ara rẹ̀ sì ṣàjèjì, kí wọ́n fi sínú omi nínú abọ́ tó ní ìdérí, kí wọ́n sì fi han àwọn tó mọ̀ nípa ohun àtijọ́. Àwọn yẹn ní ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú nǹkan, irú ti ilé ìwòsàn, tí wọ́n fi ń wo inú ìṣùpọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Àwọ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Wúrà gidi kì í dípẹtà. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì bà á nínú iyanrìn lẹ́yìn 50 ọdún, àwọ̀ wúrà náà ni yóò ṣì ní. Àmọ́ wúrà tí kò lábùlà rọ̀ jù láti fi ṣe òrùka, nítorí náà wọ́n máa ń po bàbà, fàdákà àti àwọn irin mìíràn mọ́ ọn. Wúrà kárátì 9 tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 375 nínú 1,000 péré ló jẹ́ wúrà nínú rẹ̀. Ìyókù lè dúdú, ó lè pọ́n bí bàbà. Ẹni tó bá gbé òrùka pípọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé bàbà lásán ni lè ti ju wúrà nù. Wúrà funfun tún wà: rhodium, irin olówó iyebíye kan, ni wọ́n fi ń bo òde rẹ̀ kó lè dán bíi fàdákà. Bí iyanrìn bá ha rhodium yẹn kúrò, inú rẹ̀ á hàn ní àwọ̀ tó pọ́n díẹ̀ bí eyín arúgbó.

Fàdákà ní tirẹ̀ máa ń dúdú. Níbi tí ewéko òkun bá ti ń jẹrà lábẹ́ iyanrìn, iyanrìn ibẹ̀ á dúdú, á sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Èròjà tó ń fa òórùn yẹn, imí ọjọ́, ló ń bá fàdákà dà pọ̀ tó fi ń di dúdú. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ṣíbí fàdákà tí wọ́n bá fi jẹ ẹyin. Dúdú yìí rọrùn láti mú kúrò. Èyí tó le ni eérú aláwọ̀ àlùkò tó nípọn, tí iyọ̀ òkun fúnra rẹ̀ fà. Nínú irú èyí, púpọ̀ nínú fàdákà náà ti kúrò lára òrùka, ó ti wọ inú èèpo. Ẹni tó bá ha èèpo yẹn dànù, fàdákà ló ń hà dànù, àti gbogbo ohun tí wọ́n fín sí i lára.

Bàbà àti idẹ ń di àwọ̀ ewé. Irin tó ń dógùn-ún ń pọ́n, ó ń wú, òòfà sì ń gbé e. Alumíníọ́mù ń yọ lẹ́búlẹ́bú funfun. Òjé a máa di funfun tó ṣú, ó rọ̀, ó wúwo, ó sì lóró, nítorí náà ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ fọwọ́ kó tó jẹun.

Ayédèrú tí wọ́n fi omi wúrà pa kò fara sin pẹ́ nínú òkun. Omi iyọ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, á wú bí ara tó jóná, á sì máa ṣí bí ọ̀dà ògiri. Kò sí ìfọ̀ tó lè dá èyí padà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò lé e lórí.

Bí wọ́n ṣe ń fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan

Fún wúrà, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ ti tó. Bí ìdọ̀tí bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n tún un rẹ mọ́jú. Kò nílò jù bẹ́ẹ̀.

Fún fàdákà tó dúdú lásán, ọ̀nà kan wà tó dára ju fífi nǹkan ha á lọ, torí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ìpara ìdán ha fàdákà ni díẹ̀ lára rẹ̀ ń bá aṣọ lọ. Kí wọ́n tẹ́ bébà fọ́ìlì, irú èyí tí wọ́n fi ń wé ẹja tí wọ́n fẹ́ yan, sí ìsàlẹ̀ abọ́, kí apá tó dán kọjú sókè. Kí wọ́n gbé fàdákà lé e kí méjèèjì fara kanra. Kí wọ́n bu ṣíbí kan tàbí méjì bakin sóódà sí i, kí wọ́n wá da omi gbígbóná lé e. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ á tún jáde, fọ́ìlì á sì dúdú. Imí ọjọ́ ló ń fi fàdákà sílẹ̀ tó ń lọ bá alumíníọ́mù. Fàdákà tó ti di dúdú á sì padà di fàdákà lójú ibẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí nìyẹn. Kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí wọ́n sì fi omi ṣan án dáadáa lẹ́yìn náà. Àmọ́ kò yẹ fún òrùka tí wọ́n fi gúlúù lẹ òkúta mọ́, kò sì yẹ fún iṣẹ́ tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi dúdú sí inú ọnà rẹ̀ kí ọnà náà lè hàn. Dúdú yẹn á bá a lọ.

Bàbà àti idẹ ni ọ̀rọ̀ wọn gùn jù. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, tí àwọn ìyá wa fi ń fọ abọ́ idẹ, á mú àwọ̀ ewé kúrò lóòótọ́. Lára abọ́ tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, kò burú. Lára ohun tó ti pẹ́ nínú òkun, ásíìdì inú ọsàn á jẹ ojú rẹ̀ wọlé, idẹ á wá pọ́n kíyọkíyọ ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ọnà ara rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́. Èèpo àwọ̀ ewé tó le, tó dán, tó sì tẹ́jú kò pa idẹ lára. Òun gan-an ló ń dáàbò bò ó. Èyí tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù ni lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ ní ojú kan, tí wọ́n á nù kúrò lónìí, tó tún máa yọ padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àìsàn idẹ ni àwọn tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ ń pè é. Iyọ̀ tó kù nínú rẹ̀ ló ń bá ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, ó sì lè jẹ ohun náà tán. Kí wọ́n padà rẹ ẹ́ sínú omi aláìníyọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó dé pinpin, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

Òkúta àti ìlẹ̀kẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá. Iyùn àti péálì, nǹkan ẹlẹ́mìí inú omi ló ṣe wọ́n, èròjà wọn sì bá ti èèpo ẹyin mu. Ẹni tó bá ti rí ẹyin tí wọ́n rì sínú fínígà, bó ṣe ń hó kùṣùkùṣù tí èèpo rẹ̀ ń yó, mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iyùn. Nínú ilé Yorùbá tí iyùn ìyàwó ti lè wá láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, kò yẹ kí fínígà, ọsàn tàbí bíliìṣì kan irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ láti inú òkun ló ti wá tàbí láti inú àpótí. Emerald àti opal kò fẹ́ omi gbígbóná, wọ́n lè là. Kí wọ́n sì yẹ àwọn èékánná kékeré tó di òkúta mú wò kí wọ́n tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, torí iyanrìn ti lè jẹ ẹ́. Dáyámọ́ńdì tó bọ́ sínú ihò síǹkì ti lọ nìyẹn.

Bíliìṣì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní hypo, kò yẹ lára ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Ó ń sọ fàdákà di dúdú, ó sì ń jẹ àwọn irin tí wọ́n pò mọ́ wúrà. Ẹni tó bá tún da fínígà tàbí ásíìdì mìíràn mọ́ bíliìṣì ti ṣe gáàsì olóró nínú ilé ara rẹ̀. Gáàsì yẹn lè pa ènìyàn nínú ilé ìdáná tó há. Ọṣẹ ìfọyín náà kò dára, torí iyanrìn múlọ́múlọ́ wà nínú rẹ̀ tó ń ha wúrà.

Òǹtẹ̀, òòfà àti omi inú ife

Lẹ́yìn tí ojú irin bá ti hàn, ó kù kí wọ́n mọ ohun tó jẹ́. Kí wọ́n fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo inú òrùka, tàbí ibi ìkọ́ ẹ̀gbà. Nọ́ńbà 375 ni kárátì 9, 585 ni 14, 750 ni 18, 875 ni 21, 916 sì ni 22. Àwọn góòlù tí wọ́n ń rà bọ̀ láti Dubai àti Saudi sábà máa ń jẹ́ 750, 875 tàbí 916. 925 ni fàdákà. Fàdákà 800 wọ́pọ̀ lára iṣẹ́ àtijọ́ láti Jámánì àti Ítálì. 950 sábà máa ń jẹ́ platinum. Bí lẹ́tà GP, HGE tàbí GF bá tẹ̀ lé nọ́ńbà, wúrà kàn bo òde ni. EPNS túmọ̀ sí pé fàdákà ló bo òde, kò sì sí fàdákà nínú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ló de òǹtẹ̀ yìí. Àwọn ilé àyẹ̀wò mẹ́rin ló ń lù ú, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò: orí àmọ̀tẹ́kùn ni Lọ́ńdọ̀nù, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni Birmingham, òdòdó rose ni Sheffield, ilé olódi ni Edinburgh. Ẹ̀rín lè pa ènìyàn pé Birmingham, tí kò sún mọ́ òkun rárá, ló mú ìdákọ̀ró. Lẹ́tà ẹyọ kan tún lè wà tó ń sọ ọdún tí wọ́n lù ú, ṣùgbọ́n láti 1999 kò pọn dandan mọ́. Nínú gbogbo èyí, lẹ́tà ọdún ló wúlò jù fún ẹni tó ń wá olówó òrùka, torí ó ń sọ bóyá ìyàwó ọdún 1950 ló ni ín tàbí ti 1990.

Àìsí òǹtẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe wúrà. Òfin kò fi dandan lé e fún wúrà tí kò tó gíráàmù kan, tàbí fàdákà tí kò tó 7.78 gíráàmù, òkun sì ti lè ha òmíràn nù. Wíwà rẹ̀ náà kò túmọ̀ sí pé wúrà ni. Ẹnikẹ́ni tó ní òòlù lè lu 750 sára idẹ.

Òòfà ń ran ni lọ́wọ́ díẹ̀. Ohun tó bá fà mọ́ òòfà kì í ṣe wúrà, kì í sì í ṣe fàdákà. Àmọ́ idẹ, bàbà àti òjé náà kì í fà mọ́ ọn, nítorí náà òòfà kò lè jẹ́rìí pé wúrà ni. Kí wọ́n rántí pé sípíríǹgì inú ìkọ́ ẹ̀gbà ọrùn sábà máa ń jẹ́ irin líle. Òòfà lè gbé ìkọ́ ẹ̀gbà tí ìyókù rẹ̀ jẹ́ wúrà pọ́nbélé.

Omi ló ń ṣèdájọ́ tó dájú jù nínú ilé. Síkéèlì kékeré tó lè ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù ni wọ́n nílò. Kí wọ́n wọn òrùka ní gbígbẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n gbé ife omi lé síkéèlì, kí wọ́n dá a padà sí òdo. Kí wọ́n fi òwú so òrùka, kí wọ́n sọ̀ ọ́ sínú omi títí yóò fi rì pátápátá, àmọ́ kó má kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Síkéèlì á sọ nọ́ńbà kékeré kan. Kí wọ́n fi nọ́ńbà kékeré yìí pín ti àkọ́kọ́. Bí òrùka bá wọn 6.2 gíráàmù ní gbígbẹ, tí nọ́ńbà inú omi sì jẹ́ 0.4, ìdáhùn jẹ́ 15.5, ìyẹn sì bá wúrà kárátì 18 mu. Fàdákà 925 máa ń wà ní nǹkan bí 10.4, kárátì 9 ní nǹkan bí 11, kárátì 14 ní nǹkan bí 13, platinum sì máa ń lé ní 20. Idẹ kì í ju 8.5 lọ dáadáa, irin tí kì í dípẹtà wà ní nǹkan bí 8, titanium ní 4.5.

Ìdẹkùn méjì wà níbẹ̀. Òjé jẹ́ 11.3, ó sún mọ́ kárátì 9, àmọ́ èékánná lè ha òjé. Tungsten carbide tí àwọn ọkùnrin ń fi ṣe òrùka ìgbéyàwó báyìí wà ní nǹkan bí 15, ó sì lè tan ẹni tó rò pé wúrà funfun kárátì 18 ni òun rí. Òun le débi pé ọ̀bẹ kò lè ha á, ṣùgbọ́n bó bá já lu òkúta ó lè fọ́. Òrùka tó ní òkúta, tàbí tí inú rẹ̀ ṣófo, kò ní bá ìṣirò yìí mu. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ọ̀rọ̀ owó bá wọ̀ ọ́, alágbẹ̀dẹ góòlù ló kù, kí wọ́n sì dúró tì í nígbà tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀gbà idẹ tí kì í ṣe ẹ̀gbà

Ohun kan wà tí wọ́n lè rí ní etí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kan ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ó jọ ẹ̀gbà ọwọ́ tí kò pa dé, ó tẹ̀ bíi bàtà ẹṣin, orí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ó sì ti di àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ohun ọ̀ṣọ́ ni. Owó ni. Manilla ni wọ́n ń pè é, àwọn oníṣòwò òyìnbó ló sì ń kó o bọ̀ wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Potogí fi ra ẹrú, ata àti eyín erin ní agbègbè Bìní láti òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ni Bristol àti Birmingham wá ń rọ ọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 fi hàn pé idẹ inú àwọn manilla àtijọ́ láti agbègbè odò Rhine ní Jámánì bá idẹ tí àwọn ará Bìní fi rọ ọ̀pọ̀ lára àwọn ère wọn mu. Ìyẹn ni pé ohun tí òyìnbó kó wá gẹ́gẹ́ bí owó, àwọn ará Bìní yọ́ ọ, wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lọ wò.

Ọkọ̀ ojú omi Douro rì sí erékùṣù Scilly ní 1843 pẹ̀lú ẹrù manilla nínú, wọ́n sì ti hú ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, agbègbè ìlà-oòrùn àti etí odò ló ń ná an jù; ẹyọ owó ni Yorùbá ń ná ní tiwa. Àárín 1948 sí 1949 ni ìjọba amúnisìn tó kó manilla nílẹ̀ pátápátá. Òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú èyí ni wọ́n rí, ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ kàn án.

Ta ló ni ín?

Àsọdùn ni ọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá rí nǹkan he ti ni ín. Lábẹ́ òfin olè jíjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1968, ẹni tó bá mú ohun tó rí, tó sì mọ̀ pé òun lè rí olówó rẹ̀ bí òun bá wá a bó ṣe yẹ, lè jẹ́jọ́. Ohun tó bá wá láti inú ọkọ̀ tó rì, òfin ní kí wọ́n sọ fún ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí i, Receiver of Wreck, láàárín ọjọ́ 28. Wúrà tàbí fàdákà tó bá ti lé ní 300 ọdún, ní England àti Wales, ọjọ́ 14 ni wọ́n ní láti fi tó aláṣẹ tí wọ́n ń pè ní coroner létí. Òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme tó wà ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan á ran ni lọ́wọ́. Scotland ní òfin tirẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo etí òkun ni wọ́n ti lè lo ẹ̀rọ náà; kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ihò. Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ àjọ tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM, ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́, ìbáà jẹ́ ní Badagry.

Fún òrùka ìgbéyàwó ayé òde òní, iṣẹ́ náà rọrùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Orúkọ méjì àti ọjọ́ kan sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ojú ìwé Facebook ìlú náà pé wọ́n rí òrùka ní etí òkun báyìí, lọ́jọ́ báyìí. Kí wọ́n má ṣe gbé àwòrán inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n má sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sí i. Ẹni tó bá pè pé òun ló ni ín, kó sọ orúkọ tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, kì í ṣe tirẹ̀.